Mákúrì: Májèlé tí Kì í Tètè Fi Ara Hàn

Ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn onílé ní Òkè-Ògùn

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ májèlé ni í tètè fi ara rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí a kò rẹ dáradára yóò máa bì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tí paramọ́lẹ̀ bù ṣán mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ewu ti dé. Nípa irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà fi kọ́ bí a ti í rẹ ẹ̀gẹ́, bí a ti í fún un, àti bí a ti í yan án di gàrí.

Ṣùgbọ́n májèlé kan wà tí kì í kìlọ̀. Kò rùn, kò korò, kò sì ta ni lára. Ènìyàn lè jẹ ẹ́ lónìí, kí ó sùn, kí ó jí, kí ó sì gba oko lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọwọ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní mọ ibi tí ó ń tẹ̀ mọ́. Orúkọ májèlé náà ni mákúrì. Ẹ̀kọ́ yìí yóò fi hàn ibi tí ó ń gbà wọ inú oko àti ilé, ìdí tí àwọn ọ̀nà tí a mọ̀ láti fi dán májèlé wò kò fi lè rí i mú, àti ohun tí olúkúlùkù lè ṣe láti dá a dúró ní ẹnu ọ̀nà.

1. OHUN TÍ MÁKÚRÌ Í ṢE

Mákúrì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn irin tí ó wà nínú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ojé, bàbà àti wúrà. Ó funfun, ó sì ń dán bí fàdákà, ṣùgbọ́n kò le bí àwọn irin yòókù, ó ń ṣàn bí omi ni. Bí ó bá dà sílẹ̀, yóò pín sí róbótó-róbótó, yóò sì máa yí kiri bí ìrì lórí ewé kókò. Ó wúwo púpọ̀: ìgò mákúrì kan wúwo ju ìgò omi mẹ́tàlá tí ó tó o lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà ṣe ènìyàn ní ibi. Èkíní ni irin olómi náà fúnra rẹ̀. Ó ń tú ooru tí ojú kò rí sínú afẹ́fẹ́, pàápàá bí iná bá kàn án, ẹni tí ó bá sì mí ooru náà símú ti gba májèlé sínú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Èkejì ni ìyẹ̀fun rẹ̀, tí a ń pò mọ́ àwọn ọṣẹ àti ìpara kan. Èyí ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀kẹta ni irú èyí tí ó ń dà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, tí àwọn onímọ̀ sì tún mọ bí a ti í ṣe é. Èyí ni ó burú jù nínú oúnjẹ, nítorí ó ń lọ tààrà sí ọpọlọ, ó sì ń ti ara aboyún kọjá sí ara ọmọ inú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Irin kì í kú. Iná kò lè jó mákúrì run, omi kò lè fọ̀ ọ́ di asán, sísè kò sì lè pa á. Ohun tí iná àti omi lè ṣe kò ju kí wọ́n gbé e láti ibì kan lọ sí ibòmíràn.

2. IRÚGBÌN TÍ A FI OÒGÙN KÙN

Nínú ọ̀rúndún ogún, àwọn àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè púpọ̀ a máa fi oògùn onímákúrì kùn irúgbìn kí ó má bàa bu tàbí kí ó jẹrà nínú ilẹ̀. Oògùn náà ṣiṣẹ́ rẹ̀ lára irúgbìn tí a gbìn. Ibi tí a ti jẹ irúgbìn náà ni ewu ti wọlé.

Ní oko ìjọba kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Gánà, ní ọdún 1967, àwọn ènìyàn jẹ àgbàdo irúgbìn tí a ti kùn bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 144 ni ó ṣàìsàn, 20 nínú wọn sì kú.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìráàkì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dá ti ba oko àwọn ará ibẹ̀ jẹ́, ìjọba sì ra irúgbìn àlìkámà púpọ̀ láti Mẹ́síkò, àti irúgbìn ọkà bálì láti Amẹ́ríkà. Ní apá ìparí ọdún 1971 ni a pín in fún àwọn àgbẹ̀. A ti fi oògùn onímákúrì kùn ún, a sì ti pa á láró pupa kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ ẹ́. A kọ ìkìlọ̀ sí ara àpò, ṣùgbọ́n èdè Spéènì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, èyí tí àgbẹ̀ ibẹ̀ kò lè kà. Ní ibi púpọ̀, àkókò gbíngbìn ti kọjá kí àpò tó dé, ebi sì wà nínú ilé. Wọ́n lọ ọkà náà, wọ́n sì fi ṣe búrẹ́dì.

Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe aláìgbọ́n. Àwọn kan fọ ọkà náà títí aró fi ṣí, wọ́n sì rò pé májèlé ti bá aró lọ. Aró ni omi gbé lọ, mákúrì dúró. Àwọn mìíràn fi ọkà náà bọ́ adìẹ, wọ́n sì ṣọ́ àwọn adìẹ náà fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n rí i pé adìẹ kò kú, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n sì gbé ọkà wá sí ìdáná. Ìdánwò tí ó dára ni fún májèlé tí ń pa ni lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mákúrì inú búrẹ́dì a máa sùn nínú ara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó jí. Àwọn àgbà wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo ilé ti jẹun yó fún ọjọ́ púpọ̀ ni ọwọ́ àti ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kú tìpà, tí ojú ń ṣókùnkùn, tí àwọn mìíràn kò sì lè rìn mọ́. Ènìyàn 6,530 ni a gbà sí ilé ìwòsàn, 459 nínú wọn sì kú níbẹ̀. Àwọn aboyún kan wà tí àìsàn tiwọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí ọmọ tí wọ́n bí kò lè jókòó, tí kò sì lè sọ̀rọ̀ ní àkókò tí ó yẹ.

Lónìí, irúgbìn aláwọ̀ tí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń rà kì í sábà jẹ́ onímákúrì. Oògùn mìíràn ni a ń fi kùn ún. Síbẹ̀ májèlé ni oògùn wọ̀nyí pẹ̀lú, òfin kan náà ni ó sì bá gbogbo wọn mu:

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ irúgbìn tí a fi oògùn kùn, ìbáà ṣe pé a fọ̀ ọ́, a sè é, tàbí a yan án.

Kí a má ṣe fi èyí tí ó kù bọ́ adìẹ tàbí ewúrẹ́, kí a má sì ṣe tà á ní ọjà oúnjẹ.

Kí a má ṣe fi àpò rẹ̀ kó gàrí, èlùbọ́ tàbí ẹ̀wà.

Kí ẹni tí ó mọ̀wé nínú ilé ka ohun tí a kọ sí ara àpò sí etí gbogbo ará ilé, kí a tó tú u.

3. WÚRÀ, ODÒ ÀTI ẸJA

Wúrà a máa wà nínú yanrìn ní fífín bí ìyẹ̀fun. Nítorí náà awakùsà a bu mákúrì sí yanrìn náà, a sì pò ó. Mákúrì a gbá wúrà mọ́ra, wọn a sì di ìṣù kan. Lẹ́yìn èyí, a gbé ìṣù náà lé iná. Mákúrì a gòkè lọ bí ooru, wúrà a sì kù sílẹ̀. Ẹni tí ó dúró ti iná náà mí ooru yìí símú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó àti ọmọ tí ó wà nítòsí. Èyí tí ó bá afẹ́fẹ́ lọ yóò padà balẹ̀ sórí ewé àti òrùlé, òjò yóò sì gbá a wọ odò. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú gbogbo mákúrì tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń tú sínú afẹ́fẹ́, bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wa wúrà lọ́nà kékeré wá.

Nígbà tí mákúrì bá dé ìsàlẹ̀ odò, àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ń gbé inú ẹrẹ̀ a sọ ọ́ di irú ẹ̀kẹta tí a ti mẹ́nu kàn. Àwọn ohun kékeré inú omi gbà á sára. Ẹja wẹ́wẹ́ jẹ wọ́n. Ẹja ńlá jẹ ẹja wẹ́wẹ́ lójoojúmọ́, ọdún dé ọdún, kò sì lè yọ májèlé náà dànù kíákíá. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí ènìyàn bá fi dé ibi ẹja ńlá náà, èyí tí ó wà nínú ẹran ara rẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú omi lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Omi lè mọ́ gaara kí ẹja inú rẹ̀ sì ní májèlé.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Minamata, ìlú kan ní etí òkun Jàpáànì. Láti ọdún 1932 títí di 1968, ilé-iṣẹ́ Chisso ń da omi ìdọ̀tí onímákúrì sínú òkun níbẹ̀. Àwọn ológbò tí ń jẹ ẹja ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì, wọ́n ń pòòyì bí ẹni ń jó, wọ́n sì ń kú. Lẹ́yìn náà ni ó kan àwọn apẹja àti àwọn ọmọ wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù May 1956 ni ilé ìwòsàn kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà sùn ìjọba. Ọdún méjìlá ni ó gbà kí ìjọba tó jẹ́wọ́, ní 1968, pé mákúrì ilé-iṣẹ́ náà ni ó fà á. Àwọn tí ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní aláìsàn yìí lé ní 2,000.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn òkèèrè ni èyí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wíwa wúrà ní agbègbè Iléṣà ti da omi odò Ọ̀ṣun rú, ní ọdún 2022 ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà.

Ní Òkè-Ògùn, tí Komu àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú jẹ́ apá kan nínú rẹ̀, òkúta olówó iyebíye àti òkúta lithium ni ọ̀pọ̀ awakùsà ń wá. Iṣẹ́ wọ̀nyí kò nílò mákúrì rárá. Èyí jẹ́ àmì tí ó wúlò fún àwọn baálẹ̀ àti àwọn onílẹ̀: bí a bá rí ìgò irin olómi tí ń dán bí fàdákà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ibi ìwakùsà, wúrà ni ó fẹ́ fi kó, ó sì yẹ kí a bi í léèrè ibi tí yóò ti lò ó àti ibi tí omi rẹ̀ yóò ṣàn sí. Ọ̀pọ̀ ìṣàn omi Òkè-Ògùn ni ó ń lọ pàdé odò Ògùn, odò Ògùn sì ń gba Abẹ́òkúta lọ sí ọ̀sà Èkó. Ẹni tí ó ba omi jẹ́ ní òkè ba ti ọmọ ẹlòmíràn jẹ́ ní ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí ń wa wúrà. A lè fi omi àti àwo jọ̀ ọ́, kí wúrà tí ó wúwo jókòó sí ìsàlẹ̀. A lè fi bórásì yọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakùsà Benguet ní ilẹ̀ Filipínì ti ń ṣe. Ẹni tí kò bá tíì lè fi mákúrì sílẹ̀, kí ó má ṣe sun ún ní gbangba. Kí ó lo ìkòkò irin tí a dé pa, tí ọ̀pá ọrùn rẹ̀ ń darí ooru náà sínú omi kí ó lè tutù, kí ó sì padà di mákúrì. Kí a má ṣe sun ún nínú ilé láé, kí a má sì ṣe fi ìkòkò tí a ń fi se ọbẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí.

Ní ti ẹja, oúnjẹ rere ni, kò sì yẹ kí a kọ̀ ọ́. Níbi tí a kò ti fi mákúrì wa kùsà, kí a máa jẹ ẹja bí ti àtẹ̀yìnwá. Aboyún àti ọmọdé ni kí ó fi ẹja wẹ́wẹ́ ṣáájú ẹja ńlá tí ń jẹ ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

4. ỌṢẸ ÀTI ÌPARA TÍ Ń BÓ ÀWỌ̀

Mákúrì a máa dá iṣẹ́ ohun tí ń mú àwọ̀ ara dúdú dúró. Nítorí èyí ni àwọn oníṣòwò kan fi ń pò ó mọ́ ọṣẹ àti ìpara, tí wọ́n sì ń ṣèlérí àwọ̀ pípọ́n. Àwọ̀ náà lè pọ́n lóòótọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní àkókò kan náà mákúrì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín sì ń bàjẹ́ láìsí ìrora. Kì í ṣe ẹni tí ó pa á nìkan ni ó kàn. Ó ń ti aṣọ ìnura, ibùsùn àti ọwọ́ ìyá dé ara ọmọ ọwọ́, omi ìwẹ̀ sì ń gbé e lọ sínú ilẹ̀ àti odò.

Àjọ NAFDAC ti fòfin de mákúrì nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yọ́ wọ ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó wo ara páálí fún ọ̀rọ̀ bíi Mercury, Mercurio, Mercuric, Calomel tàbí Hydrargyri, tàbí lẹ́tà méjì náà, Hg. Bí a bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìpara náà má ṣe kan wúrà, fàdákà tàbí ohun ọ̀ṣọ́, àmì mákúrì lè ni èyí pẹ̀lú, nítorí ó ń di mọ́ irin wọ̀nyí. Ìpara tí kò ní àkọlé rárá, tí a pò fún títà nínú ike lásán, ni kí a sá fún jùlọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ nínú èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìyá níbẹ̀ ń fún ọmọ tí ń hu ehín ní ìyẹ̀fun tí ó ní mákúrì, láìmọ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mìíràn pọ́n, wọ́n wú, oorun kò kùn wọ́n, wọn kò sì jẹun. Àwọn kan kú. Àwọn oníṣègùn wá ìdí rẹ̀ títí. Nígbà tí a yọ mákúrì kúrò nínú ìyẹ̀fun náà ní ọdún 1954, àìsàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá. Kí ìyá má ṣe fún ọmọ ní oògùn ehín tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

5. BÍ Ó BÁ DÀ SÍLẸ̀ NÍNÚ ILÉ

Mákúrì wà nínú gíláàsì àtijọ́ tí a fi ń wọn ìgbóná ara, ó sì wà ní ìwọ̀n kékeré nínú gílóòbù gígùn tí ń tan ìmọ́lẹ̀ funfun. Bí ọ̀kan bá fọ́, kí a kó àwọn ọmọdé jáde, kí a sì ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Kí a má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a, nítorí ìgbálẹ̀ yóò tú u ká. Kí a fi páálí líle ti àwọn róbótó náà jọ, kí a dà wọ́n sínú ìgò, kí a sì dé e pa. A lè wọ́n imí ọjọ́ sí ibi tí ó kù sí, nítorí imí ọjọ́ a máa di mákúrì mú. Kí a má ṣe dà á sínú ààtàn, ṣálángá tàbí iná. Kí a gbé ìgò náà lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba.

6. ÀMÌ ÀÌSÀN ÀTI ÌTỌ́JÚ

Àwọn àmì wọ̀nyí ni kí a máa ṣọ́: ọwọ́ tí ń gbọ̀n, ìka àti ètè tí ń kú tìpà, ìrìn tí kò dọ́gba, ojú tí kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ tí kò já geere, ìgbàgbé àti ìbínú tí kì í ṣe ìwà ẹni tẹ́lẹ̀, ehín rírìn àti ìwà-ẹnu wíwú, ẹsẹ̀ àti ojú wíwú nítorí kíndìnrín. Ó rọrùn láti pe irú nǹkan wọ̀nyí ní àfiṣe tàbí ọ̀ràn ogbó. Kí a tó sọ bẹ́ẹ̀, kí a kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí aláìsàn náà ń ṣe, ọṣẹ tí ó fi ń wẹ̀, àti oúnjẹ tí ó ti jẹ ní oṣù tí ó kọjá.

Epo pupa kò lè pa mákúrì. Wàrà kò lè pa á. Àgbo kò lè fọ̀ ọ́ kúrò nínú ọpọlọ. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mú aláìsàn kúrò níbi tí májèlé náà wà. Lẹ́yìn náà, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí a sì sọ ọ̀rọ̀ mákúrì fún dókítà kí ó lè wo ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn wà tí ń fa irin jáde kúrò nínú ara fún àwọn irú kan, ṣùgbọ́n ọpọlọ tí irú ẹ̀kẹta bá ti bàjẹ́ kì í sábà padà sí ipò rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí dídènà fi ṣe pàtàkì ju ìtọ́jú lọ.

7. ÀDÉHÙN ÀWỌN ORÍLẸ̀-ÈDÈ

Ní oṣù October 2013, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní ilẹ̀ Jàpáànì, wọ́n sì ṣe Àdéhùn Minamata, tí a fi orúkọ ìlú tí ó jìyà náà pè. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù February 2018. Àdéhùn yìí ní kí ṣíṣe àti títà oògùn oko onímákúrì àti gíláàsì ìwọn-ìgbóná onímákúrì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè dópin ní ọdún 2020, kí àwọn ìjọba sì dín lílò rẹ̀ kù níbi ìwakùsà wúrà. Ní ọdún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè náà tún pinnu pé kí gbogbo ìpara tí a fi mákúrì sí dópin ní 2025. Òfin ti wà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Onílé ni yóò dúró níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌRÁNTÍ

Kí ni ìdí tí adìẹ àwọn ará Ìráàkì kò fi lè kìlọ̀ fún wọn?

Kí ni omi gbé lọ nígbà tí wọ́n fọ ọkà náà, kí ni ó sì kù?

Báwo ni ẹja inú omi mímọ́ ṣe lè ní májèlé?

Àmì wo ni ó wà lára páálí ìpara tí ó ní mákúrì?

Irúgbìn aláwọ̀ mélòó ni ó wà nínú ilé báyìí, ta ni ó sì lè dé ibi tí a gbé e sí?